Ẹ̀YIN TẸ́ Ẹ FẸ́ RA BÁÀGÌ ŃLÁ, Ẹ DÚRÓ NÁ! Ìbàdí ló ń gbẹ́rù, kì í ṣe èjìká

Bí ìwé bá ti iléèwé ọmọ dé ní Peckham, ní Thamesmead tàbí ní Woolwich, ohun tí àwọn ìyá wa tó wà nílùú ọba máa ń kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni iye tí wọ́n ní kí wọ́n san. Ṣùgbọ́n irú ìwé kan wà tó jẹ́ pé owó kọ́ ló ń da orí èèyàn rú níbẹ̀. Ìwé ọ̀hún á ní ọmọ yín fẹ́ lọ fún ìrìn Duke of Edinburgh, ìyẹn ètò tí Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, dá sílẹ̀ lọ́dún 1956. Ọmọ náà yóò fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó àti orí òkè, yóò sùn sínú àgọ́, yóò fúnra rẹ̀ se oúnjẹ tó máa jẹ, gbogbo ẹrù rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbé sẹ́yìn ara rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n á wá kọ ọ́ sí pé kí ó mú báàgì lítà 65 dání.

Lítà 65 kẹ̀? Ìyá tó jẹ́ pé epo bẹntiróòlù àti òróró ló mọ̀ pé wọ́n ń fi lítà wọ̀n yóò ka ìwé náà tán, yóò tún un kà. Ṣé kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ní kí ọmọ gbé ni, àbí báàgì?

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lọ sọ́jà, wọ́n á rí báàgì ràgàjì kan tí àpò kéékèèké pọ̀ lára rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára, wọ́n á ní "èyí ti tóbi tó", wọ́n á rà á. Ọjọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá wá gbé e, tí àgọ́, àpò ìsùn, ìkòkò, gáàsì àti oúnjẹ wọ inú rẹ̀, bẹ́líìtì ìdí rẹ̀ á bọ́ sí agbede-méjì ikùn, okùn èjìká á máa gé e lára, báàgì á máa fà á sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ò ní í tíì pé tí ẹkún á fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àwọn ará London nìkan. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé láti Ìbàdàn lọ sí Tàràbà, tó fẹ́ lo ọjọ́ mọ́kànlélógún ní kám̀pù, ó nílò báàgì. Ọmọ tó gba físà, tó ń lọ kàwé ní Glasgow, ó nílò báàgì. Ẹni tó fẹ́ gun òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ti là débi pé Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà ló fẹ́ gùn, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, tó ga tó mítà 2,419, báàgì náà ni yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ní tiwa níbí, báàgì ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wa ni Ghana Must Go. Oṣù kìíní ọdún 1983 ni ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Inú báàgì onílà ìbú àti òòró yẹn ni wọ́n sáré kó ẹrù wọn sí, orúkọ náà sì mọ́ báàgì lára dòní. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan la mọ èèyàn lé o. Nígbà tí Busia ń ṣèjọba ní Gánà lọ́dún 1969, wọ́n lé àwọn èèyàn wa náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sálọ.) Ghana Must Go ń gba ẹrù, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ló ní. Tó bá kún, àfi kéèyàn gbé e lé orí, tàbí kó pe alábàárù.

Orí ọ̀hún náà kì í sì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kenya. Àwọn Luo ń gbé ẹrù lé orí bíi tiwa, àwọn Kikuyu ń fi okùn kọ́ ẹrù sẹ́yìn, wọ́n á wá gbé okùn náà gba iwájú orí. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu: ẹrù tó bá wúwo tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara obìnrin náà, agbára tó ń lò láti rìn kò fi nǹkan kan ju ti ẹni tó ń lọ lọ́wọ́ òfo lọ. Àwọn òyìnbó ò lè ṣe é. Àmọ́ ṣá, ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2010 lórí àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lára gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ráhùn pé ọrùn ń dun àwọn. Ẹni tó ti fi òṣùká gbé omi láti odò dé ilé rí kò nílò ìwádìí kankan kó tó mọ ìyẹn.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe báàgì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri, àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ wo ìyá ọlọ́mọ bó ṣe ń pọn ọmọ. Ṣé èjìká ló so ọmọ mọ́ ni? Rárá o. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò gbé ọmọ sẹ́yìn, yóò fi ìró tàbí ọjá gbá a mọ́ra típẹ́típẹ́, ìdí ọmọ á jókòó sórí ìbàdí ìyá rẹ̀. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ló ń gbé ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi lè pọn ọmọ lọ sọ́jà, kó tajà, kó tún pọ̀n ọ́n padà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì ráyè ṣiṣẹ́. Báàgì tó dáa, ọjá ni wọ́n so mọ́ ọn. Báàgì tí kò dáa, okùn èjìká nìkan ló ní.

Báwo ni àwọn òyìnbó ṣe wá dé ibẹ̀? Ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1991, àwọn tọkọtaya ará Jámánì kan tó ń rìn lórí òkè yìnyín láàárín Austria àti Italy ṣàdédé rí òkú ọkùnrin kan. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ṣubú láìpẹ́ ni, àṣé òkú ọ̀hún ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún níbẹ̀! Yìnyín ni kò jẹ́ kó jẹrà. Lára ohun tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni igi kan tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ sì gbà pé egungun àpò tó ń gbé sẹ́yìn ni. Èyí ni pé kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn kan ti mọ̀ pé àpò tí kò ní egungun, wàhálà ni.

Ní Norway, Ole Bergan lọ ṣọdẹ lọ́dún 1908, báàgì rẹ̀ ń gún un lẹ́yìn. Ó gé ẹ̀ka igi kan, ó tẹ̀ ẹ́ bíi ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó so ó mọ́ báàgì, ara tù ú. Ó sọ ọ́ dòwò. Títí dòní, báàgì ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "bergen", orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń pè. Irú rẹ̀ ni wọ́n gbé nígbà ogun Falklands lọ́dún 1982, tí àwọn ológun orí omi wọn fi ẹsẹ̀ rin máìlì 56 lọ́jọ́ mẹ́ta, tí ẹrù ẹyọ kan sì tó kílò 36.

Lọ́dún 1952, Dick Kelty bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báàgì ní gáréèjì ilé rẹ̀ ní Glendale, ní California. Òun ń tẹ páìpù alumíníọ̀mù, Nena ìyàwó rẹ̀ ń rán aṣọ báàgì. Wọ́n ní ọjọ́ kan tó wà lórí òkè ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ki ìdí irin báàgì bọ inú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò wọn, bí ẹrù ṣe fúyẹ́ lójijì lórí èjìká nìyẹn, tó jókòó sí ìdí. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n bẹ́líìtì ìbàdí ti wá. Lọ́dún àkọ́kọ́, báàgì 29 ló tà, dọ́là 24 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún kọkànlá lẹ́yìn náà, ìyẹn 1963, báàgì Kelty ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lọ sí Everest, nígbà tí ọmọ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dé ṣóńṣó ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìta báàgì ni irin Kelty wà, bíi àkàbà tí wọ́n so ẹrù mọ́. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ó dáa gan-an. Tó bá di ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá gun àpáta, irin á máa kọ́ igi, ẹrù á máa mì lọ mì bọ̀, ó lè ti èèyàn ṣubú. Lọ́dún 1967 ni Greg Lowe, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn òkè gígùn, wá ki irin náà bọ inú báàgì, ó jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó gbé e. Báàgì eléegun inú dé nìyẹn. Òun náà ló fi okùn tín-ín-rín sí àyà àti okùn tó ń fún ẹ̀gbẹ́ báàgì pọ̀ sí i. Ọgbọ́n Lowe ni ọ̀pọ̀ báàgì ńlá tí wọ́n ń tà lónìí ń lò.

Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ èyí tó ní egungun yàtọ̀ sí ayédèrú, ẹ má wo àpò rẹ̀, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó fara kan ẹ̀yìn. Ẹ óò kan irin alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan tàbí méjì tó dúró gbọn-in, tàbí irin róbótó tó yí ẹ̀yìn ká, òmíràn ní pátákó ike líle pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ di òkè báàgì mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá ká bí ẹní, kò ní egungun. Báàgì ọmọléèwé ni, bó ti wù kó tóbi tó.

Iṣẹ́ egungun yẹn ni pé kó gbé ìwúwo ẹrù láti òkè wá sí bẹ́líìtì, kí bẹ́líìtì sì gbé e lé ìbàdí. Tí kò bá sí i, èjìká ló kù. Èjìká èèyàn ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí iṣan tó ń mú apá ṣiṣẹ́ gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Àwọn dókítà ológun mọ àìsàn kan dáadáa tó máa ń mú àwọn tó ń gbé ẹrù wúwo fún wákàtí púpọ̀: apá á kú tipiri, ọwọ́ ò ní í lè gbé nǹkan sókè, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní oṣù, kó tó padà bọ̀ sípò. Wọ́n sì rí i pé àìsàn náà kì í wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí báàgì wọn ní irin àti bẹ́líìtì ìbàdí. Ẹni tó bá ń kígbe pé báàgì olówó gọbọi kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì, ẹ jẹ́ kó gbé kílò ogún rìn láti Ojota dé Ìkẹjà ná.

Ohun kejì tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni gíga. "Ọmọ mi ga, ẹ fún mi ní èyí tó gùn jù." Àbí ẹ ò rí nǹkan! Gíga èèyàn kọ́ ni wọ́n fi ń mú báàgì, gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ẹni tó ga bí òpó lè jẹ́ pé itan rẹ̀ ló gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Téèpù aṣọ́ránṣọ tó wà nílé ti tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ọmọ tẹ orí rẹ̀ ba, eegun kan á yọ gọnbọ ní ìdí ọrùn lẹ́yìn. Kó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú lórí eegun tó le níbẹ̀, kí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì kọjú síra lẹ́yìn. Láti eegun ọrùn yẹn dé àárín àtàǹpàkò méjèèjì, ìyẹn ni gígùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà, ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ ìwọ̀n ẹ̀yìn sára báàgì. Fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà, èyí tí wọ́n lè fà sókè fà sísàlẹ̀ ni kí ẹ rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ tún máa ná owó.

Àwọn obìnrin náà ní tiwọn. Okùn èjìká tó tọ́ fún ọkùnrin lè máa gé obìnrin lọ́mú, bẹ́líìtì tó sì ṣe pẹrẹsẹ kì í jókòó dáadáa sórí ìbàdí tó rí rogodo. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ máa ṣe ti obìnrin lọ́tọ̀. Àwọn obìnrin wa tó ń gun òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń pọ̀ sí i. Rhiane Fatinikun, tó jẹ́ pé orúkọ Yorùbá ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2019, kí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú náà lè máa rìn lórí òkè láìsí pé ojú ń tì wọ́n pé àwọn nìkan ni dúdú láàárín èrò.

Ó kan ọ̀rọ̀ báàgì tí wọ́n fẹ́ lò yípo ọdún, nínú ooru àti nínú òtútù. Ibí yìí ló ti le jù. Nígbà ooru, àpò ìsùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀wù méjì, àgọ́ kékeré, lítà 50 sí 60 ti tó. Nígbà òtútù, àpò ìsùn nìkan lè gba ìdajì báàgì. Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì onípẹpẹ sí i, ìbọ̀wọ́ méjì, gáàsì tó pọ̀ sí i nítorí pé yìnyín ni wọ́n máa ń yọ́ mu nígbà míì, irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, àti àáké yìnyín lóde báàgì. Lítà 70 sí 85 ni ẹni bẹ́ẹ̀ máa béèrè.

Ní Scotland, òkè tó ga ju mítà 914 lọ jẹ́ 282, àwọn tó ń gùn wọ́n ní òtútù sì mọ̀ pé eré kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ìjì lórí Cairn Gorm ní oṣù kẹta ọdún 1986 tó ń sáré máìlì 173 ní wákàtí kan. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1971, lórí ilẹ̀ gíga ibẹ̀ kan náà, ìjì yìnyín ká àwọn ọmọ iléèwé kan mọ́ níbi tí wọn ò ti lè dé ahéré tí wọ́n ń lọ. Ọmọ márùn-ún kú, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọdé ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Báàgì kọ́ ló pa wọ́n o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò ní í tú báàgì ọmọ wò kó tó jẹ́ kó gbéra: àpò ìsùn dà? Aṣọ gbígbẹ dà? Oúnjẹ tó lé dà? Tí báàgì bá kéré jù, ohun tí ọmọ máa kọ́kọ́ yọ síta nìyẹn, yóò ní kò wọlé. Tàbí kó so àpò ìsùn mọ́ ìta, kí òjò pa á. Àpò ìsùn tó tutù lóru yìnyín, ewu ńlá ni.

Ṣé kí wọ́n ra méjì nìyẹn, ti ooru àti ti òtútù? Olówó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀kan lowó rẹ̀ ká, kó ra ńlá, ṣùgbọ́n kó wo okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Okùn yẹn ni yóò fi fún báàgì pọ̀ nígbà ooru, tí ẹrù ò fi ní í máa yí gbiri nínú rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n lè yọ ìdérí rẹ̀ kúrò kó lè fúyẹ́. Kó sì dán búkúlù rẹ̀ wò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Búkúlù tó rọrùn nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ amúlétutù ò ti ju bó ti yẹ lọ, ó lè di ìjà nígbà tí ìka bá ti gan.

Àrùn kan tún wà tí báàgì ńlá máa ń kó ran èèyàn: àyè tó bá ṣófo, èèyàn á fẹ́ kí ó kún. Nǹkan tí kò nílò, á kó o. Àwọn tó ń ṣètò Duke of Edinburgh ní kí ẹrù ọmọ má ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá wọn kílò 48, kílò 12 ni ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ, pẹ̀lú omi, omi lítà kan sì jẹ́ kílò kan gbáko. Báàgì ńlá fúnra rẹ̀ ní òfìfo á ti tó kílò méjì. Nítorí náà, kí àwọn ìyá tó ń fi pàkì gàrí, mílíìkì alágolo àti ata dídín sínú báàgì ọmọ rọra o. Ata dídín, ó dáa, kó wà nínú ike kékeré. Agolo ni kó dúró sílé.

Kíkó ẹrù ní ìlànà tirẹ̀. Ohun fífẹ́lẹ́ tó ń gba àyè, bíi àpò ìsùn, ìsàlẹ̀ ni. Ohun wúwo, bíi oúnjẹ àti gáàsì, kó wà láàárín, kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbé e síta jìnnà, báàgì á máa fà á. Tó bá fẹ́ gbé e wọ̀, kó tú gbogbo okùn sílẹ̀ ná, kó so bẹ́líìtì mọ́ orí eegun ìbàdí kó le, lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa fa okùn èjìká, kó fa okùn kékeré tó wà lókè èjìká, kó wá so ti àyà kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Ìyẹn dà bíi kí ìyá kọ́kọ́ so gèlè kó tó gbá ọmọ mọ́ra.

Òjò ńkọ́? Kò sí báàgì tí òjò Scotland tàbí òjò Èkó kò ní í wọ̀. Ojú abẹ́rẹ́ àti síìpù ló ń gbà wọlé. Aṣọ òjò tí wọ́n ń fi bò ó lóde dáa, ìjì sì lè gbé e lọ. Ohun tí kì í tanni ni ọ̀rá nípọn ńlá kan tí wọ́n tẹ́ sínú báàgì kí wọ́n tó kó ẹrù sí i. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ òkìríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa nílé ti ń ra tiwa. Òótọ́ ni pé báàgì tí òyìnbó rà lówó ńlá, ó lè bọ́ síbi ìso òkìríkà ní Yábàá kí ẹnìkan rà á ní owó pọ́ọ́kú. Àmọ́ àléébù kan wà tí ojú kì í tètè rí. Aṣọ náílọ́ọ̀nù báàgì wọ̀nyí, wọ́n máa ń fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ́ inú rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa ọ̀rá yẹn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí gọ́ọ̀mù, á máa ṣí bí awọ tí oòrùn bó, á sì máa rùn bí èébì ọmọ. Kò sí ọṣẹ tó lè wo ìyẹn sàn. Ilé tó móoru, tó tún lọ́rinrin bíi ti Èkó sì ń mú kó yá. Torí náà, ẹ yí inú báàgì síta níbi ìso, ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Kí ojú má ti yín níwájú aláte.

Ẹ tún fa síìpù rẹ̀ lọ fà á bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tí ẹ bá rí lẹ́tà YKK lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ Japan kan tó ti wà láti ọdún 1934 ló ṣe é, ó dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú tiẹ̀ náà wà. Ẹ wo ibi tí okùn èjìká ti wọ inú aṣọ, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ wo ìdí báàgì. Ẹ rí nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ pẹ̀lú lẹ́tà D, bíi 210D tàbí 500D? Nípọn okùn tí wọ́n fi hun aṣọ rẹ̀ ni. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni okùn ṣe nípọn tó, tó sì wúwo tó. Ó dáa kí ti ìdí ju ti ara lọ, nítorí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e jù sí. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún báàgì tí wọ́n ti yọ irin inú rẹ̀ tà. Ihò irin á wà níbẹ̀, irin ò ní í sí.

Fún àwọn tó ń rìnrìn-àjò ọkọ̀ òfuurufú, èyí tó ní síìpù yíká iwájú bíi àpótí ló rọrùn jù, wọn ò ní í máa tú gbogbo ẹrù kí wọ́n tó rí páńtì kan. Ní ibùdókọ̀ tí jáwójáwó pọ̀ sí, síìpù yẹn kan náà ni ọ̀nà olè. Kéèyàn ra kọ́kọ́rọ́ kékeré kan sí i. Ní pápákọ̀ òfuurufú, kí wọ́n so gbogbo okùn rẹ̀ pọ̀ tàbí kí wọ́n ki í bọ àpò ńlá mìíràn, nítorí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù máa ń fa okùn já.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ rẹ̀ máa lọ, ọjọ́ méjì, òru kan, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Bronze, kò yẹ kó sáré ra báàgì rárá. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló ní báàgì tí wọ́n fi ń yá ọmọ. Kó béèrè. Àwọn òbí wa kan kì í fẹ́ béèrè, wọ́n á ní kí wọ́n má baà rí àwọn bí aláìní. Ọmọ olówó náà ń yá a. Bí ọmọ bá wá dé Gold, ọjọ́ mẹ́rin, òru mẹ́ta, tó sì hàn pé ọ̀rọ̀ òkè ti wọ̀ ọ́ lára, ìgbà yẹn lowó báàgì tó dé.

Tó bá sì di rírà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé yín lọ. Ẹ ní kí ọlọ́jà kó ẹrù sínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù gidi máa ń ní àpò iyanrìn fún un. Tí wọn ò bá ní, ẹ gbé e délé, ẹ kó ìrẹsì kílò mẹ́wàá sí i, kí ọmọ gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Inú ilé ni kó ti rìn ín, kí báàgì má dọ̀tí, kí ẹ má sì já bébà iye owó kúrò lára rẹ̀. Bí èjìká bá ń dùn ún tàbí tí bẹ́líìtì ń yọ̀ wá sílẹ̀, ẹ mú rìsíìtì, ẹ dá a padà kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín tó pé.